Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Lọ Ata Nígbà Tí Tíṣà Bá Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!

Ẹ̀yin ará Òkè-Àwẹ̀dé, tọmọdé tàgbà, tonílé tàlejò! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀! Ẹni tó ń wẹ̀, kó ṣan ọṣẹ kúrò létí! Ẹni tó ń bá aya rẹ̀ jà, ẹ so ìjà yẹn rọ̀ ná, ẹ ó padà bá a níbẹ̀!

Èmi Ọdẹ́wálé akéde ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Ọ̀dọ̀ Kábíyèsí, Aláwẹ̀dé ti Òkè-Àwẹ̀dé, ló ti wá. Èmi kàn rù ú wá ni. Bó bá wúwo létí yín, ẹ má bínú sí aláàárù.

Gbogbo wa la mọ̀ pé omi ti gbé afárá Odò Àwẹ̀ lọ. Ó ká a bí ẹní, ó gbé e sábíyá, ó lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wà lódìkejì odò. Tíṣà wà lódìkejì odò. Pátákó ìkọ̀wé wà lódìkejì odò. Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, wọ́n ń sọ òkò sí máńgòrò. Inú wọn dùn. Inú wọn dùn jù! Ohun tó dun Kábíyèsí nìyẹn.

Ìdánwò tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà máa ṣe kí wọ́n tó wọ girama ń bọ̀ lọ́nà. Ìdánwò náà kò gbọ́ pé afárá wó. Kábíyèsí ní ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ dúró de afárá. Tíṣà Ọláìtán, obìnrin tó ń kọ́ wọn, ní òun náà kò ní dúró dè é. Ni obìnrin náà bá gbé fóònù rẹ̀, ó jókòó sí òdìkejì lọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Àràárọ̀ ni! Á pe orúkọ wọn, á bi wọ́n ní ìbéèrè, á kọrin fún wọn, á gba orin lẹ́nu wọn.

Ẹ sì mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń gbà dúró nílùú yìí. Orí òkè ni, lẹ́yìn ilé Olóyè Jagun, lábẹ́ igi ọsàn. Ibẹ̀ ni kíláàsì. Igi ọsàn ni òrùlé. Ilé tó bá ní fóònù, wọ́n á fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ á gun òkè lọ. Èmi ni Kábíyèsí fi sídìí igi náà pé kí n máa pa ariwo mọ́ wọn lẹ́nu. Ohun tí mo gbé wá síwájú yín, ojú mi ló ṣe.

Ẹ tẹ́tí sí àṣẹ!

ÀṢẸ KÌÍNÍ!

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ata nígbà tí Tíṣà bá ń sọ̀rọ̀! Mo tún un wí! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ata! Ìbáà ṣe ata rodo! Ìbáà ṣe tàtàṣé! Ìbáà ṣe ẹ̀wà àkàrà!

Lámídì ẹlẹ́rọ, ìwọ ni mo ń wò. Má wẹ̀yìn, ìwọ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, kí ẹnì kankan má baà ní Kábíyèsí kórìíra ọbẹ̀. Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó kà fún wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ fàlà sí ìdí ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí.” Àṣẹ tó dára ni. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn gan-an ni Lámídì fa okùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bú ramúramù, ó gbé ọ̀rọ̀-orúkọ mì káló. Ohun tó dé etí àwọn ọmọ ni, “Ẹ fàlà sí ìdí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí.”

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni àwọn ọmọ wa. Wọ́n wò yíká. Wọ́n wá ohun tó ní ìdí. Wọ́n rí ewúrẹ́.

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ibi tí ìlà yẹn ti wá, àbí? Wọ́n mú ẹfun, wọ́n mú èédú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọ ìgboro. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sí ewúrẹ́ kan ní Òkè-Àwẹ̀dé tí wọn ò fàlà sí nídìí. Ìlú dàrú! Wọ́n ní ìjọba ti ka ewúrẹ́, wọ́n ní owó-orí ewúrẹ́ ń bọ̀. Ọkùnrin kan wà nílùú yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó fi ewúrẹ́ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn tó ń fi ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tí àwọn ọmọ padà sórí òkè, Tíṣà bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ti fàlà sí wọn?”

Wọ́n ní, “A ti fàlà sí gbogbo wọn, mà.”

“Mélòó lẹ rí?”

“A ò lè kà wọ́n tán, mà. Méjì sá wọ igbó.”

Tíṣà ní, “Kí ló sá wọ igbó?”

“Ewúrẹ́, mà.”

Mo ní ó tán, obìnrin yìí á bínú, á pa fóònù rẹ̀. Rárá o! Mo gbọ́ ẹ̀rín. Ó rín in títí ó fi ń wúkọ́. Ó wá ní, “Ó dáa. Ewúrẹ́ náà, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ẹ gbà á. Ẹ wá dárúkọ àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn tí ẹ rí lọ́nà fún mi.” Ariwo sọ lábẹ́ igi ọsàn! Igbó! Okùn! Ilẹ̀kùn! Ìyá arúgbó! Ẹgba! Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí ẹ lè fi ọ̀rọ̀-orúkọ tàn jẹ.

Síbẹ̀, òfin ni òfin. Ẹni tó bá lọ ata nígbà ẹ̀kọ́, ìyà rẹ̀ nìyí: á gun òkè, á jókòó láàárín àwọn ọmọ, á ka ìlọ́po láti orí méjì dé orí méjìlá, ojú ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì ti kà á! Lámídì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti há sórí méje.

ÀṢẸ KEJÌ!

Àkùkọ kankan kò gbọdọ̀ kọ lẹ́yìn tí Tíṣà bá ti wí pé “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!” Kí gbogbo àkùkọ tètè jí, kí wọ́n tètè kọ, kí wọ́n tètè dákẹ́!

Àkùkọ Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rú òfin yìí. Wọ́n mú un wá síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó sọ ọ́, ohun kan náà tó sọ lórí òkè ló tún sọ. Àwọn ìjòyè kan ní kí wọ́n fojú fò ó, torí pé ọmọ ààfin ni. Kábíyèsí kọ̀. Ó ní òfin tí kò bá lè mú adìẹ ààfin, kò ní lè mú ti ìta. Wọ́n dé agbọ̀n lé e lórí láàárọ̀ títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Bó bá tún dán an wò, ata tí a ò lọ láàárọ̀, a ó lọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ó yé àkùkọ.

ÀṢẸ KẸTA!

Ẹ yé kí Tíṣà nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́!

Mo mọ̀ pé ọmọlúàbí ni yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń relé, ẹni tó ń roko, gbogbo yín lẹ ń yà sábẹ́ igi ọsàn, tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù ọlọ́mọ. “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ilé ńkọ́? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé omi ti ń fà lọ́dọ̀ yín?” Tíṣà náà, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ni, á máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ìkíni tó tán, dátà ti tán!

Láti òní lọ, èmi Ọdẹ́wálé ni n óo máa kí i lórúkọ gbogbo ìlú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi tirẹ̀ kún un, kó ti wá sọ fún mi lálẹ́. Ẹni tó bá rú u, gbogbo ọmọ tó wà lórí òkè ló máa kí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sì gbọdọ̀ lọ kó tó dá gbogbo wọn lóhùn!

ÀṢẸ KẸRIN!

Àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ bá ọmọ dáhùn ìbéèrè! Kò gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́! Kò gbọdọ̀ fi ìka júwe rẹ̀! Kò gbọdọ̀ fi ikọ́ wí i!

Olóyè Jagun, ẹ dákun, ẹ jókòó. Kábíyèsí ló ní kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará ìlú, Jagun fẹ́ràn Oyèkúnlé ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ẹyinjú. Bí ọmọ náà bá gbé fóònù jókòó sábẹ́ igi, Jagun á gbé àpótí tì í lẹ́yìn, á fa fìlà bo ojú, á ní òun ń sùn. Ní ọjọ́ kan, Tíṣà ní, “Oyèkúnlé, kí ni mẹ́sàn-án lọ́nà méje?”

Ohùn kan ké bí ìbọn, “Ọgọ́ta, mà!”

Tíṣà ní, “Oyèkúnlé, ṣé òtútù mú ọ ni? Ohùn rẹ ti ki.”

Ohùn náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òjò ló pa mí.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgọ́ta. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni.”

Jagun gbàgbé ara rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó dìde dúró. “Mẹ́tàlélọ́gọ́ta bíi ti báwo? Nígbà tèmi, ọgọ́ta ni! Mẹ́ta yẹn, ìjọba ló fi kún un!”

Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pe mẹ́ta ní “àfikún ìjọba” lórí òkè. Oyèkúnlé ọmọ rere ò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Tíṣà rọra ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí Oyèkúnlé ṣì í fúnra rẹ̀. Bó bá ṣì í, màá mọ ibi tó ti sọnù, màá lọ mú un níbẹ̀. Bí ẹ bá bá a ṣì í, ẹ̀yin ni màá lọ mú.” Ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀yin òbí!

Ìyà tó wà níbẹ̀: àgbàlagbà tó bá dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó ṣe ìdánwò náà, lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé!

Ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Àṣẹ karùn-ún ló kù. Kábíyèsí ní kí n má sáré sọ ọ́, kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Àràárọ̀ tí Tíṣà bá ń pe orúkọ, àwọn ọmọ kan máa ń wà tí kì í dáhùn. Sìdíkátù wà lára wọn. Tíṣà á ní, “Sìdíkátù.” Kò sí ìdáhùn. Á dúró díẹ̀. Á tún ní, “Sìdíkátù, ọmọ mi, mo ń pè ọ́ o.” Kò sí ìdáhùn. Á wá kọjá sórí ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, á tún pè é.

Ọmọ kan sọ fún un níjọ́ kan pé, “Mà, Sìdíkátù ò sí níbí. Kò wá rí látìgbà tí afárá ti wó.”

Tíṣà ní, “Mo mọ̀. Mò ń pè é kí ẹ̀yin má baà gbàgbé rẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ mi ni pípè. Gbogbo ìlú ni mo ti ń pè láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti hù. Mi ò rí ẹni tó ń pe ẹni tí kò dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo súnmọ́ fóònù. Mo ní, “Tíṣà, èmi Ọdẹ́wálé ni. Mo mọ ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí n lọ.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kéde o. Ẹ rọra wọlé.”

Èmi! Rọra wọlé! Mo so agogo mọ́ inú aṣọ, mo sì rọra wọlé.

Abà gaàrí ni mo bá wọn. Sàlámátù, ìyá ọmọ náà, ń yan gaàrí. Sìdíkátù jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, ó ń bó o. Ìyá rẹ̀ rí mi, àyà rẹ̀ já. Ó ní, “Bàbá Akéde, kí ni mo ṣe?”

Mo ní, “O ò ṣe nǹkan kan. Tíṣà ló ní kí n wá wo ọmọ.”

Ó yí ojú sí gaàrí rẹ̀. Ó ní, “Mo wà lórí afárá yẹn lọ́jọ́ tí omi dé. Orí ló kó mi yọ. Fóònù kan ṣoṣo tí a ní, kò lórí, ó bómi lọ.” Ó ro gaàrí, ó tún un rò. “Àwọn ọmọ yòókù ní ti ilé wọn. Ṣé kí tèmi máa na ọrùn lẹ́yìn ọlọ́mọ ni, kí wọ́n máa fi èjìká tì í? Mi ò lè wò ó, Bàbá. Kó kúkú jókòó tì mí.”

Ọmọ náà ò tíì gbójú sókè. Ó wá ní, “Bàbá, ṣé Tíṣà ṣì ń pe orúkọ mi ni?”

Mo ní, “Àràárọ̀.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. “Bí mi ò bá wá dáhùn ńkọ́?”

“Á dúró díẹ̀. Á tún pè ọ́.”

Ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó fi apá nu ojú. Ó ní èéfín ni. Mo wo èéfín. Ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi ló ń fẹ́ sí.

Mo lọ sọ fún Kábíyèsí. Àwọn ìjòyè dábàá oríṣiríṣi. Ọ̀kan ní kí ààfin fún wọn ní fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Kábíyèsí ní, “Sàlámátù? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Yóò kúnlẹ̀, yóò dúpẹ́, yóò sì dá a padà.” Ó wá kọjú sí mi.

“Ọdẹ́wálé, kí ni iṣẹ́ fóònù?”

“Ó ń gbé ohùn láti ibì kan dé ibòmíràn, Kábíyèsí.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi náà, Kábíyèsí.”

“Ṣé wọ́n máa ń fi iná sí ọ lára kí o tó ṣiṣẹ́?”

“Rárá, Kábíyèsí. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni.”

Ó kọjú sí àwọn ìjòyè, ó ní, “Ẹ fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Kó máa lọ.”

Bí mo ṣe di fóònù nìyẹn o, ẹ̀yin ará! Láàárọ̀, màá tẹ́tí sí Tíṣà lórí òkè. Bí wọ́n bá ti parí, màá sọ̀ kalẹ̀ wá sí abà gaàrí, màá sọ ohun tí mo gbọ́ fún Sìdíkátù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀fun tèmi mọ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ kó má di ìkéde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà abà, mo lu agogo. “Ẹ gbọ́ o! Ìdajì àti ìdámẹ́rin, bí wọ́n bá pàdé, wọ́n di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin! Ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní ìdá méjì nínú mẹ́fà, ó jẹ̀bi!”

Gbogbo àdúgbò ló jáde. Télọ̀ tó wà níwájú ọ̀nà ní, “Ọdẹ́wálé, ọjọ́ wo ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀?” Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé ó kan aṣọ. Mo ní ó kan ohun gbogbo. Ó sáré wọlé lọ tún aṣọ oníbàárà kan wọ̀n. Obìnrin kan lọ bá Kábíyèsí láàfin, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má mú ìdajì tirẹ̀, torí opó ni òun.

Ẹ̀rín ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n Sìdíkátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fetí sílẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sórí ilẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Bàbá, mẹ́rin ju méjì lọ, àbí?”

Mo ní, “Ó jù ú lọ.”

“Kí ló wá dé tí ìdámẹ́rin fi kéré sí ìdajì?”

Mo wo agogo. Agogo wò mí. A ò mọ̀ ọ́n.

Mo gbé ìbéèrè náà gun òkè bí ẹni gbé ẹyin. Mo sọ ọ́ fún Tíṣà. Ó pariwo ayọ̀. “Ta ló béèrè ìyẹn?”

“Sìdíkátù ni, mà.”

Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìdáhùn rán yín, kò ní ṣe é lóore. Mo fẹ́ bi í, kó bi mí, kí n tún bi í. Ẹsẹ̀ yín ò lè gba ìyẹn. Ẹ bá mi mú un wá.”

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ há sí. Ta ló máa sọ ọ́ fún Sàlámátù? Mo ṣì ń ronú nígbà tí ẹnìkan ká fìlà kúrò lójú lẹ́yìn mi. Jagun ni. Kò sùn. Ṣé ó tiẹ̀ ń sùn rí? Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Sàlámátù rí Olóyè lẹ́nu ọ̀nà abà, ó kúnlẹ̀. Jagun ní, “Dìde, ìyá Sìdí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.”

“Ẹ̀bẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin, ẹ bẹ èmi?”

“Kábíyèsí ti dí mi lẹ́nu. Mi ò gbọdọ̀ bá Oyèkúnlé sọ nǹkan mọ́. Ọmọ náà ní fóònù, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí wọ́n jọ máa forí korí. Bó bá dá jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ìdánwò, ó ti tán fún un. Wọ́n ní orí ọmọ tìrẹ pé. Jọ̀ọ́, yá mi ní ọmọ rẹ láàárọ̀. Kó wá jókòó tì í.”

Sàlámátù wò ó. Obìnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ohun tí Jagun ń ṣe. Jagun náà mọ̀ pé ó mọ̀. Kò gbójú kúrò, ọ̀pá rẹ̀ ló fara tì.

Sàlámátù ní, “Bàbá, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀, mi ò lè kọ̀ ọ́ fún yín.” Ó kọjú sí ọmọ. “Sìdí. Lọ fọ ọwọ́ rẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, Sìdíkátù jókòó lábẹ́ igi ọsàn, fóònù wà láàárín òun àti Oyèkúnlé lórí òkúta. Tíṣà ń pe orúkọ. Ó dé orí tirẹ̀.

“Sìdíkátù.”

Gbogbo orí yí sí i. Ó sún mọ́ fóònù.

“Sìdíkátù, ọmọ mi, mo ń pè ọ́ o.”

“Mo wà níbí, mà.”

Fóònù dákẹ́ lọ gbári. Oyèkúnlé gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò lọ síbì kankan. A gbọ́ ẹnìkan tó fun imú lódìkejì odò. Tíṣà wá ní, “Ó dáa. Ìbéèrè rẹ dà? Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.”

Ọmọ bi í. Tíṣà ní, “Wo òkè orí rẹ. Kí lo rí?”

“Ọsàn, mà.”

“Já ọ̀kan. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ fẹ́ pín in jẹ, báwo ni tìrẹ ṣe máa tó? Bí ẹ bá wá di mẹ́rin ńkọ́?”

Ó la ọsàn, ó pín in fún àwọn tó yí i ká. Ó wo èyí tó kù sí i lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ là. “Á à! Mà! Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹnu ni! Iye ẹnu tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni! Bí ẹnu bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín ń kéré sí i!”

Ohùn kan bú jáde lábẹ́ fìlà, “Ẹnu ni! Ẹnu ni!” Olóyè Jagun, ẹ má bínú. A gbọ́ yín. Àyè yín ti wà nílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Òkè-Àwẹ̀dé, ẹ tẹ́tí dáadáa!

ÀṢẸ KARÙN-ÚN!

Ọmọ tó ní fóònù kò gbọdọ̀ dá jókòó! Kó sún, kí ẹnìkejì rẹ̀ rí ìdí gbé kalẹ̀! Mo tún un wí! Kó sún!

Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọmọ tí kò ní fóònù ṣẹ̀sín, Tíṣà ló máa ṣèdájọ́ rẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe ń ṣèdájọ́: ìbéèrè ni yóò bi í, kò sì ní dáwọ́ dúró.

Ilé kankan kò gbọdọ̀ fi ọmọ pamọ́ torí ìtìjú! Ẹni tó bá mọ ọmọ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, kó wá sọ fún mi! N óo kọ́kọ́ rọra wọlé. N óo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá kọ̀, n óo dúró lójúde yín ní ìdájí, n óo fi agogo ka ìlọ́po láti orí méjì dé orí méjìlá! Bí ọmọ ò bá jáde, n óo kà á sẹ́yìn! Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn mi yìí, ẹ mọ̀ pé ìyà kékeré kọ́ nìyẹn.

Kábíyèsí dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é kí òfin tó dé. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ti gun òkè. Àwọn ìbejì ìsàlẹ̀ odò ti gun òkè. Sàlámátù fúnra rẹ̀ ló mú àwọn ìbejì náà lọ́wọ́ gòkè lánàá, ó sì dúró lẹ́yìn igi títí ẹ̀kọ́ fi parí. Abẹ́ igi ọsàn ti kún, ààfin ti gbé àga síbẹ̀.

Ní àárọ̀ òní, Tíṣà pe orúkọ láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn. Kò dúró níbì kankan.

Mo ti jíṣẹ́! Ọba ló rán mi, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn ín. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó ròde. Kí adé pẹ́ lórí, kí ọmọ mọ̀wé, kí ọ̀fun Ọdẹ́wálé má gbẹ! Ó di ojúde kejì o! Ẹ lè padà sídìí òkèlè yín!